Omi Ló Dànù, Agbè Kò Fọ́: Wíwa Píìtì àti Ìdáàbòbò Àyíká ní Àbàtà Thorne àti Hatfield, 1626–2005

Ìfáárà

Ní ìlà-oòrùn ìlú Doncaster, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àbàtà ńlá méjì wà tí wọn kò jìnnà sí ara wọn. Thorne Moors ni orúkọ ọ̀kan, Hatfield Moors ni ti èkejì. Tí a bá pa wọ́n pọ̀, àwọn ni àbàtà píìtì tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2005, orúkọ kan ṣoṣo ni ìjọba fi ń pe méjèèjì: Humberhead Peatlands, ilẹ̀ ìdáàbòbò ohun alààyè ti orílẹ̀-èdè náà, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 2,900 hẹ́kítà. Ẹni tí ó bá débẹ̀ lónìí yóò rí omi tí ó tẹ́jú, koríko tí orí rẹ̀ funfun bí òwú, àti ẹyẹ oríṣiríṣi. Ohun tí àlejò kò ní tètè mọ̀ ni pé títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ẹ̀rọ ni ó ń ha ojú ilẹ̀ náà lójoojúmọ́, tí apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ sì dà bí pápá dúdú tí ewéko kankan kò hù sí. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ha á, ilẹ̀ náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ òfin gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí a ń dáàbò bò.

Báwo ni ilẹ̀ kan ṣe jẹ́ ilẹ̀ ìdáàbòbò àti ibi ìwakùsà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ìdáàbòbò àti ìwakùsà kò gun òṣùwọ̀n náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀tọ́ láti wa píìtì ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ kí òfin ìdáàbòbò tó ní eyín. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé owó ìlú ni ó parí ohun tí òfin kò lè parí.

Ohun tí píìtì jẹ́

Píìtì jọ ilẹ̀dú lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀dú. Òkú ewéko ni, tí ó rì sínú omi tí kò sì jẹrà tán. Níbi tí omi bá dúró sí, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sì wọlé, àwọn ohun kéékèèké tí ó ń mú òkú ewéko jẹrà kò lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ewéko kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sphagnum ni olórí iṣẹ́ náà. Ó ń fa omi mu bíi kànrìnkàn, ó ń sọ omi àyíká rẹ̀ di kíkan, ó ń kú láti ìsàlẹ̀, ó sì ń hù láti òkè. Omi òjò nìkan ni irú àbàtà bẹ́ẹ̀ ń mu. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ.

Ìṣirò kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan bíi mìlímítà kan ni píìtì fi ń nípọn sí i lọ́dún. Mítà kan jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún. Píìtì Thorne ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ ní nǹkan bíi 5,000 ọdún sẹ́yìn. Nínú rẹ̀ ni ìyẹ́ kòkòrò, èso òdòdó, igi oakù àti igi páìnì àtijọ́ ti wà láìbàjẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi lè ka ìtàn ojú ọjọ́ àti igbó láti inú rẹ̀. Paul Buckland, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, fi iṣẹ́ tí ó ṣe ní Thorne ní àwọn ọdún 1970 hàn pé àwọn kòkòrò igbó kan ti gbé ibẹ̀ rí tí a kò lè rí mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Bìrìtìkó. Lẹ́yìn ìyẹn, píìtì tún jẹ́ àká èéfín tí kò tíì jó: nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé péré ni àbàtà píìtì gbà, síbẹ̀ kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú wọn ju èyí tí ó wà nínú igi gbogbo igbó ayé lọ. Bí a bá fa omi kúrò lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, ìjẹrà yóò bẹ̀rẹ̀, kábọ́ọ̀nù náà yóò sì gòkè lọ sínú òfuurufú.

Láti orí ọkọ́ dé orí ẹ̀rọ

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn ti ń jẹun lára àbàtà yìí. Àwọn ará abúlé agbègbè náà ní ẹ̀tọ́ àjùmọ̀ní, tí wọ́n jogún láti ọwọ́ àwọn baba wọn, láti gé píìtì fún iná ìdáná, láti pẹja, láti pa ẹyẹ, àti láti da ẹran jẹ̀. Ọkọ́ àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé e. Ohun tí ìdílé kan bá lè sá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òdiwọ̀n ohun tí wọ́n lè kó.

Ní ọdún 1626, ọba Charles Kìíní bá Cornelius Vermuyden, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì tí ó mọ iṣẹ́ omi, ṣe àdéhùn láti fa omi kúrò ní Hatfield Chase, ilẹ̀ ọdẹ ọba tí ó yí àwọn àbàtà náà ká. Wọ́n pín ilẹ̀ tí omi bá kúrò lórí rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: ọba mú ìdá kan, Vermuyden àti àwọn tí ó fi owó sí i mú ìdá kan, àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ àjùmọ̀ní gba ìdá tí ó kù. Àwọn ará ìlú kò gbà. Wọ́n da àwọn yàrà rú, wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ jà, ẹjọ́ sì gùn. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ìjà àkọ́kọ́ lórí omi àbàtà yìí kì í ṣe ìjà nítorí ẹyẹ tàbí kòkòrò. Ìjà nítorí ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù ni. Bí ọ̀rúndún mẹ́ta àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ẹnì kan yóò tún gbé ìwé àwọn ẹ̀tọ́ yẹn jáde.

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà tuntun dé. Ẹṣin ni ó ń fa ọkọ̀ ní àwọn ìlú ńlá, ẹṣin sì nílò ohun tí wọn yóò tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ní ilé. Píìtì tí ó fúyẹ́ tí ó sì ń fa omi mu dára fún iṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ Họ́láǹdì wá sí Thorne, wọ́n gbẹ́ yàrà omi bí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ nílùú wọn, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó píìtì gbígbẹ jáde. Nígbà tí mọ́tò lé ẹṣin kúrò lójú pópó, ọjà náà kú.

Ohun tí ó jí i dìde ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí John Innes ṣe àpòpọ̀ ilẹ̀ kan fún ohun ọ̀gbìn inú ìkòkò, píìtì sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Fisons ti gba iṣẹ́ píìtì ní Thorne àti Hatfield, ó sì ń ta ilẹ̀ ìgbìn inú àpò tí ó jẹ́ pé píìtì ni olórí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Oníṣòwò kò lè ṣàìfẹ́ràn rẹ̀: ó fúyẹ́ láti gbé, ó ń di omi mú, kò ní irúgbìn èpò, àpò kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí ó bá gbin ata tàbí ewédú sínú ìkòkò ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ó ṣeé ṣe kí ó ti fi ọwọ́ kan àbàtà kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Títí di àwọn ọdún 1980, gígé ni wọ́n ń gé píìtì ní ọ̀nà tí ó ń fi ewéko díẹ̀ sílẹ̀ láàárín yàrà kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tuntun dé. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣí gbogbo ewéko kúrò lójú ilẹ̀, wọ́n á fa omi jìnnà sísàlẹ̀, ẹ̀rọ á ha ìpele tín-ín-rín kan, oòrùn á gbẹ ẹ́, wọ́n á kó o, wọ́n á sì tún padà wá ha òmíràn. Pẹ̀lú ọ̀nà yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ lè lọ láàárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ibi tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní sphagnum tí yóò tún un dá mọ́.

Òfin méjì lórí ilẹ̀ kan

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bìrìtìkó ṣe òfin méjì tí wọ́n bí mọ́ ara wọn bí ìbejì, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Òfin ọdún 1947 sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ lo ilẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn aláṣẹ agbègbè fún iṣẹ́ píìtì ní àṣẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Lákòókò náà, ọkọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tí ó ro ti ẹ̀rọ tí ń ha gbogbo pápá, nítorí náà ìdíwọ́ tí ó wà nínú àwọn àṣẹ náà kò tó nǹkan. Òfin ọdún 1949 ní tirẹ̀ sọ pé kí àjọ kan máa kọ orúkọ àwọn ilẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì fún ìmọ̀ nípa ohun alààyè sílẹ̀. Thorne àti Hatfield wọ inú àkọsílẹ̀ yìí.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò yẹ. Ó ju 5,000 oríṣi kòkòrò àti ẹranko aláìléegun lọ tí àwọn onímọ̀ ti rí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, kòkòrò dúdú bíńtín tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Curimopsis nigrita, kò sí níbòmíràn ní gbogbo Bìrìtìkó tí a ti mọ̀ ọ́n àfi àbàtà méjì yìí.

Ní ọdún 1981, òfin tuntun gbé agbára ìdáàbòbò ga sí i: onílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ náà kí ó tó ṣe ohun tí ó lè ba ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n àyè kan ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ní ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin ọdún 1947 kò jẹ̀bi bí ó bá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ó dáwọ́ dúró, ìjọba gbọ́dọ̀ san owó èrè tí ó pàdánù. Nípa bẹ́ẹ̀, àjọ tí a yàn láti ṣọ́ ilẹ̀ náà ń wò ó bí ó ti ń dínkù, kò sì ní òfin tí yóò fi dá ẹnikẹ́ni dúró. Òtítọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò rú òfin. Òfin gan-an ni ó fún un ní àyè. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé iṣẹ́ kò pọ̀ lágbègbè náà, níbi tí ìwakùsà èédú ti ń kógbá sílé, owó oṣù tí ó sì ń ti inú píìtì jáde ń bọ́ ìdílé.

Bunting àti àwọn tí ó dí yàrà

Ibi tí àwọn aláṣẹ ti káwọ́ gbera ni William Bunting (1916–1995), ará Thorne, ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé yunifásítì. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ nípa ewéko àti kòkòrò, ó sì kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé ilé ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n fi èdè Látìn kọ. Láti inú àwọn ìwé wọ̀nyẹn ni ó ti ń tọ́ka sí ẹ̀tọ́ àjùmọ̀ní àti ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ní lórí àbàtà náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ le, kò sì gbà fún àwọn aláṣẹ ju bí kò ti gbà fún ilé-iṣẹ́ lọ. Nígbà tí èrò wà láti sọ Thorne Moors di ibi tí wọn yóò máa da eérú ilé iná mànàmáná sí, ó wà lára àwọn tí ó dìde sí i.

Ní ọdún 1972, nígbà tí yàrà tuntun ń fa omi kúrò ní apá tí ó ṣe iyebíye jù, Bunting kó àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni jọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn onímọ̀ wà nínú wọn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọ́n ń fi píìtì àti igi dí yàrà. Àwọn ènìyàn sọ wọ́n ní Bunting's Beavers, nítorí ẹranko inú omi kan tí ó máa ń fi igi dí odò. Ilé-iṣẹ́ náà fi ohun ìbúgbàmù tú àwọn ìdídò náà, ìròyìn sì gbé e kiri. Àwọn olùyọ̀ǹda padà wá, wọ́n tún wọn dí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ìṣe wọn ni ó mú kí omi dúró ní apá kékeré kan, apá kékeré yẹn ni sphagnum kò sì ti parun. Láìsí i, kò ní sí irúgbìn tí wọn yóò fi tún ìyókù ṣe nígbà tí àkókò tó.

Àdéhùn, àríyànjiyàn àti owó

Ní ọdún 1990, àwọn ẹgbẹ́ olùdáàbòbò àyíká para pọ̀ láti rọ àwọn olùtọ́jú ọgbà kí wọ́n má ra píìtì mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ará Thorne nìkan, ó di ti ẹni tí ó ń ra àpò lọ́jà. Ní ọdún 1992, Fisons àti English Nature, àjọ ìjọba tí ó ń bójú tó ohun alààyè, fọwọ́ sí àdéhùn: ilé-iṣẹ́ náà yóò fi ilẹ̀ àbàtà rẹ̀ lé àjọ náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wíwa píìtì yóò máa bá a lọ ní apá tí ó pọ̀, títí yóò fi ku ìpele tí àjọ náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Àwọn kan yìn ín pé ohun tí ó wà nílẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn, tí Bunting wà lára wọn, bi í pé kí ni ìníyelórí ẹ̀bùn tí olùfúnni ń jẹ inú rẹ̀ lọ.

Ìdánwò tí ó le jù dé ní ọdún 1997. English Nature fúnra rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n yọ apá kan lára Thorne àti Hatfield kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìdáàbòbò, nítorí pé ìwakùsà ti ba ibẹ̀ jẹ́ jù. Ìgbésẹ̀ náà bí àwọn ènìyàn nínú. Bí ìbàjẹ́ bá lè yọ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá tètè bà á jẹ́ ni yóò tètè gba òmìnira. Michael Meacher, mínísítà tí ó ń bójú tó àyíká, ní kí àjọ náà tún un rò, wọ́n sì fa àbá náà padà. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí níbẹ̀ kì í ṣe ìlà lórí máàpù. Wọ́n ń bèèrè bóyá omi nìkan ni ó dànù, tàbí agbè ti fọ́.

Láti ibẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 1992 lórí ibùgbé ohun alààyè béèrè pé kí orílẹ̀-èdè tún àwọn àṣẹ àtijọ́ yẹ̀ wò níbi tí wọ́n bá ń pa ibùgbé bẹ́ẹ̀ lára. Òfin Bìrìtìkó ti ọdún 2000 fún àjọ náà ní agbára púpọ̀ sí i lórí onílẹ̀. Lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Scotts, tí iṣẹ́ náà ti wá bọ́ sí, ìjọba ra ẹ̀tọ́ ìwakùsà padà ní ọdún 2002 pẹ̀lú mílíọ̀nù 17.3 pọ́n-ùn. Wọ́n dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀ ní Thorne àti ní Wedholme Flow ní Cumbria. Hatfield parí ní ọdún 2004. Owó yìí ni iye tí àyè inú òfin ọdún 1981 ná àwọn ará ìlú. A lè sọ pé ó pọ̀ fún ilẹ̀ tí wọ́n ti ha. A tún lè sọ pé ìjọba ni ó kọ́kọ́ fúnni ní àṣẹ náà láìgba nǹkan kan, kò sì yẹ kí ó gbà á padà láìsan nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dákẹ́

Ní ọdún 2004 gan-an, lójú píìtì tí ẹ̀rọ ti ha ní Hatfield, wọ́n rí ọ̀nà onígi kan tí àwọn ènìyàn àtijọ́ tẹ́ sórí ilẹ̀ rírọ̀. Ó ti tó nǹkan bíi 4,500 ọdún. Ìwakùsà ni ó ṣí i payá. Bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀ sí i, ìwakùsà kan náà ni ìbá kó o sínú àpò.

Àtúnṣe kò rọrùn bí dídí yàrà. Ẹyẹ òru kan tí wọ́n ń pè ní nightjar, tí òfin Yúróòpù dáàbò bo ibẹ̀ nítorí rẹ̀ láti ọdún 2000, fẹ́ràn etí igbó gbígbẹ àti igi kéékèèké tí ó hù lẹ́yìn tí omi ti lọ. Sphagnum ń fẹ́ omi. Bí wọ́n bá gbé omi ga níbi gbogbo, ẹyẹ náà yóò pàdánù ilé. Bí wọ́n bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní gbígbẹ, kò sí àbàtà mọ́. Nítorí náà, òṣùwọ̀n kò kúrò nílẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ lọ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó yí padà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, iná ńlá sọ ní Hatfield Moors, ó sì rán gbogbo ènìyàn létí pé ilẹ̀ tí omi ti kúrò lórí rẹ̀ fún ọ̀rúndún mẹ́ta ṣì lè jó.

Ìyàn mìíràn tún wà. Àwọn olùtọ́jú ọgbà kò jáwọ́ nínú píìtì nígbà tí Thorne ti ilẹ̀kùn. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń rà ń ti ilẹ̀ Ireland àti àwọn orílẹ̀-èdè etí òkun Baltic wá. Ní ọdún 2022 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun yóò fòfin de títà á fún àwọn olùtọ́jú ọgbà ilé kí ọdún 2024 tó parí, ṣùgbọ́n ọdún náà kọjá láìsí òfin náà. Ní Ireland, ìdílé tí ó ń gé píìtì fún iná ilé ni òfin ìdáàbòbò kàn jù. Ní ọdún 2011, ìjọba fi dandan lé e pé kí wọ́n dáwọ́ dúró ní àbàtà 53, ó sì fi 1,500 yúrò lọ́dún fún ọdún 15, tàbí ibi mìíràn láti gé, lọ àwọn tí ó kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bínú, kì í ṣe nítorí owó nìkan, bí kò ṣe pé ohun tí baba wọn fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n sọ di ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Hatfield Chase ti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ìbá gbọ́ èdè náà yé.

Ìkádìí

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ìtàn yìí fi sílẹ̀. Èkíní ni pé orúkọ nínú ìwé kò tó láti dáàbò bo ilẹ̀ bí ẹ̀tọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ bá ṣì wà láàyè. Èkejì ni pé àwọn tí ó ń gbé lórí ilẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mọ iyì rẹ̀, yálà wọ́n gbé ọkọ́ ìgépíìtì ni tàbí wọ́n gbé igi ìdíyàrà. Ẹ̀kẹta ni pé kò yẹ kí a fi ọwọ́ kan náà mú ohun tí ó ń hù padà lọ́dọọdún àti ohun tí ó ń gba ẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó nípọn ní mítà kan.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kéde pé àbàtà píìtì tí ó fẹ̀ tó 145,500 kìlómítà níbùú-lóòró wà ní àárín gbùngbùn Kóńgò, tí nǹkan bíi bílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù sì wà nínú rẹ̀. Omi ṣì wà lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní Thorne, nǹkan bíi 350 ọdún ni ó wà láàárín yàrà àkọ́kọ́ ti Vermuyden àti ìdídò àkọ́kọ́ ti Bunting. Àwọn àgbà sọ pé bí omi bá dànù tí agbè kò fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Ní Thorne àti Hatfield, wọ́n ṣì ń pọn ọ́n.